Bẹ́ ẹ ṣe lè kó nǹkan ìlò ojoojúmọ́ jọ sí músíọ́mù ẹgbẹ́ ìtàn yín, kẹ́ ẹ sì pàtẹ ẹ̀ fáráyé wò

Ìbéèrè yìí ò yéé wọlé: ẹgbẹ́ ìtàn kan ti rí yàrá kan tàbí méjì gbà, wọ́n ti kéde pé káwọn èèyàn máa kó nǹkan àtijọ́ wá, nǹkan sì ti dé lóòótọ́, ó dé débi pé ilẹ̀kùn ò ṣeé tì dáadáa mọ́, ibo ni kí wọ́n wá ti bẹ̀rẹ̀? Ohun tí mo máa ń sọ náà ni mo tún fẹ́ sọ. Ẹ má tíì ra kábínẹ́ẹ̀tì onígíláàsì kankan. Ìwé àti bírò lẹ máa kọ́kọ́ wá.

Ìdí ni pé nǹkan ìlò ojoojúmọ́ kì í ṣe wúrà. Áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù, rédíò, bàtà ọmọ iléèwé, gbogbo ẹ̀ ló pọ̀ nígboro. Ohun tó ń sọ wọ́n di ẹrù músíọ́mù ni pé a mọ ẹni tó lò ó, ilé tó ti lò ó, iṣẹ́ tó fi ṣe, àti ìdí tó fi pa á tì. Tí ìyẹn bá ti sọnù, àlòkù lásán ló kù lọ́wọ́ yín, kò sì sí iná tẹ́ ẹ máa tàn sí i lára tó máa sọ ọ́ di nǹkan míì.

## Kẹ́ ẹ tó gba ohunkóhun

1. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sílẹ̀, ojú ìwé kan ti tó. Àdúgbò wo? Láti ọdún wo sí ọdún wo? Ìgbésí ayé àwọn wo? "Gbogbo nǹkan àtijọ́" kì í ṣe ìdáhùn o.
2. Ẹ kọ ohun tẹ́ ò ní gbà náà sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ní ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta, ìkẹrin gbọ́dọ̀ ní ìtàn tó ju tàwọn tó wà nílẹ̀ lọ kó tó wọlé.
3. Ẹ yan èèyàn mẹ́ta tí wọ́n á jọ máa pinnu. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dá gba ẹrù lẹ́nu ọ̀nà, alága ni o, akọ̀wé ni o. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan á tìtorí ojú gba àpótí kan, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà àpótí ọ̀hún ṣì wà lábẹ́ tábìlì, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni ín.
4. Ẹ wo àwọn tí nǹkan wọn ò sí nínú àkójọ yín.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìkẹrin yẹn. Èèyàn kì í sábà tọ́jú nǹkan tó ń lò lójoojúmọ́, èyí tó fi ṣayẹyẹ ló ń tọ́jú. Ìdí nìyẹn tí músíọ́mù fi máa ń kún fún aṣọ ìgbéyàwó, àmọ́ ẹ ò ní rí aṣọ iṣẹ́ kan ṣoṣo níbẹ̀, torí aṣọ iṣẹ́ ti gbó, wọ́n ti gé e ṣe ìnulẹ̀. Nǹkan ìṣeré tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù pọ̀, èyí tí ọmọ fúnra ẹ̀ fi agolo kàn ti dàwátì. Tẹ́ ẹ bá jókòó tẹ́ ẹ̀ ń retí ohun táwọn èèyàn máa gbé wá, ìgbésí ayé àwọn tó rí jájẹ lẹ máa pàtẹ, ẹ óò wá máa pè é ní ìgbésí ayé gbogbo ìlú. Ẹ jáde lọ wá a. Ẹ lọ bá ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń wakọ̀, ẹni tó ń bá ẹlòmíì tọ́jú ọmọ, ẹ ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n ń lò gan-an hàn yín.

Kò sì dìgbà tí nǹkan bá gbó. Ní Sweden, ọdún 1977 làwọn músíọ́mù para pọ̀ dá ètò kan tí wọ́n ń pè ní Samdok sílẹ̀, kí wọ́n lè máa kó nǹkan ayé òde òní jọ nígbà táwọn tó ń lò ó ṣì wà láàyè tí wọ́n lè ṣàlàyé ẹ̀. Fóònù tẹ́ ẹ pa tì sínú dírọ́ọ̀ náà lè wà lára ẹ̀.

Ìkìlọ̀, àwọn nǹkan tó lè ṣe yín léṣe:

- Ọta ìbọn, bọ́ǹbù, ohunkóhun tó jọ ọ́, ì báà ti dípẹtà. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má gbé e kúrò níbi tó wà, ẹ pe ọlọ́pàá.
- Fíìmù àtijọ́ tí wọ́n fi nitrate ṣe, wọ́n ṣì ń ṣe é títí di nǹkan bí 1951. Ó ń yára gbiná, omi ò sì lè pa á. Kò gbọ́dọ̀ sùn nínú ilé yín, ẹ wá ilé àkójọ fíìmù tó lè gbà á.
- Ẹranko tí wọ́n kì ní òwú, ó lè ní arsenic, ìyẹn májèlé, lára. Aago àtijọ́ tí ojú ẹ̀ ń tàn lókùnkùn, ó lè ní radium, tó ń tú ìtànṣán eléwu jáde, ẹ má ṣí i.
- Áyọ́ọ̀nù àti hítà àtijọ́ tó ní asbestos nínú (eruku ẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró), ìgò oògùn tí nǹkan ṣì wà nínú ẹ̀, nǹkan ìṣeré tí wọ́n fi ọ̀dà olójé kùn.

## Lọ́jọ́ tẹ́rù bá dé

1. Ẹ kọ rìsíìtì fẹ́ni tó gbé e wá. Orúkọ, ọjọ́, nǹkan tó gbé wá, pé ẹ gbà á láti yẹ̀ ẹ́ wò ni, ẹ ò tíì gbà á pátápátá.
2. Ẹ fi í sínú ọ̀rá ńlá kẹ́ ẹ sì gbé e sí yàrá ọ̀tọ̀. Igi, aṣọ, ìwé, awọ, ìyẹ́, gbogbo ẹ̀ ni kòkòrò lè wà nínú ẹ̀. Tó bá di bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wò ó bóyá lẹ́búlẹ́bú igi tàbí ìdin wà nísàlẹ̀ ọ̀rá náà.
3. Ẹ fọ̀rọ̀ wá ẹni tó gbé e wá lẹ́nu wò *lọ́jọ́ yẹn gan-an*, ẹ fi fóònù gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ tó bá gbà. Ẹ má sọ pé ẹ óò pè é padà. Àwọn àgbà tó ń kó nǹkan wọ̀nyí wá ò lè dúró dè yín títí láé.
4. Tẹ́yin mẹ́ta bá ti fọwọ́ sí i pé ẹ óò gbà á, ẹ jọ buwọ́ lu ìwé ẹ̀bùn, ẹ̀dà méjì, kí oníkálùkù mú ọ̀kan.

Ìwé ẹ̀bùn yẹn gbọ́dọ̀ sọ nǹkan mẹ́ta gbòógì: pé ẹni tó buwọ́ lù ú ló ni nǹkan náà lóòótọ́, pé ó ti di ti ẹgbẹ́ láìsí pé wọ́n lè gbà á padà, àti ohun tẹ́ ẹ lè fi fọ́tò tàbí ìwé tó bá wà nínú ẹ̀ ṣe (torí ẹni tó ni fọ́tò lọ́wọ́ lè má ni ẹ̀tọ́ láti fún yín láṣẹ pé kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde). Ẹ má gba ẹ̀bùn tó ní "àmọ́ o" nínú. "Mo fún yín, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa gbé e síta nígbà gbogbo", rárá o, ìmọ́lẹ̀ máa pa á. Èyí tó tún burú jù ni kí wọ́n ní àwọn yá yín títí láé. Kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yá nǹkan, ẹ kọ ọjọ́ tó máa padà sí i, ọdún kan ó pẹ́ tán, kẹ́ ẹ wá tún un buwọ́ lù tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, torí àwọn ọmọ ẹni yẹn lè wá gba nǹkan wọn lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ má sì rí ìwé kankan fi hàn.

Ìbéèrè tẹ́ ẹ lè bi ẹni tó gbé ẹrù wá:

- Ta ló kọ́kọ́ ní in, báwo ló ṣe dé ọwọ́ ẹ̀?
- Níbo nínú ilé ni wọ́n ń gbé e sí? Ta lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kàn án, ta ni wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án?
- Kí ló máa ń bàjẹ́ lára ẹ̀, ta ló ń bá wọn tún un ṣe?
- Kí ni wọ́n ń lò kó tó dé, kí ló sì gba ipò ẹ̀?
- Ṣé fọ́tò kan wà tó ti hàn, kódà lẹ́yìn èèyàn?

Ìkẹta yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń tún nǹkan ṣe ló máa ń tú èèyàn lẹ́nu.

## Ẹ má tíì nù ún

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí. Ẹrù dé, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tó lọ́wọ́ iṣẹ́ dáadáa gbé e lọ sílé, ó fi ìwé-iyanrìn ha á, ó kùn ún lọ́dà dúdú, ó gbé e padà wá ó ń dán, gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ ìránṣọ kan, ká wò ó dáadáa. Òdòdó aláwọ̀ wúrà tí wọ́n yà sí i lára ṣì mọ́ kedere lápá òkè, àmọ́ ó ti pa rẹ́ pátápátá níwájú abẹ́rẹ́, níbi tí aṣọ ti ń kọjá. Etí tábìlì ẹ̀ ti wọnú díẹ̀ lápá kan, níbi tí ìgbọ̀nwọ́ ti ń dúró lé. Ẹnì kan ti fi ìṣó fa ìlà wẹ́wẹ́ sára pákó yẹn, tẹ́ ẹ bá fi rúlà wọ̀n ọ́n ẹ óò rí i pé ìwọ̀n ni, ohun tó fi ń wọn ẹsẹ̀ ṣòkòtò nìyẹn láì gbé téèpù. Nínú dírọ́ọ̀, òwú funfun ṣì wà lára kẹ̀kẹ́ òwú kékeré, wọ́n sì fi bébà wé abẹ́rẹ́ tó ti ṣẹ́. Gbogbo ẹ̀ ni ẹ̀rí. Ìwé-iyanrìn ò ní fi ìkankan sílẹ̀.

Nítorí náà: búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ láti fi gbọn eruku kúrò, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi nǹkan tó ń mú kí irin dán pa irin, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá pa á lẹ̀ ń ha díẹ̀ kúrò lára irin yẹn. Ẹ má da epo sí i. Ẹ má fọ aṣọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé kẹ́tùlù tàbí ife, ẹ má dì í mú ní etí tí wọ́n ń fi gbé e, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e nídìí, torí etí yẹn gan-an ló máa ń já. Irin àti fọ́tò, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nitrile (ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi tàwọn dókítà). Gíláàsì àti tánganran, ọwọ́ mímọ́ tó gbẹ ló dáa, ìbọ̀wọ́ òwú máa ń yọ̀.

## Nọ́ńbà àti àkọsílẹ̀

Ọ̀pọ̀ músíọ́mù ń lo nọ́ńbà alápá mẹ́ta. 2025.4.2 túmọ̀ sí pé ọdún 2025 ló dé, ẹ̀bùn kẹrin lọ́dún yẹn ni, nǹkan kejì nínú ẹ̀bùn náà sì ni. Ẹ má fi lẹ́tà tó ń sọ irú nǹkan tó jẹ́ kún un, á dàrú mọ́ yín lójú tó bá yá.

Bẹ́ ẹ ṣe máa kọ ọ́ sára nǹkan:

1. Irin, igi, tánganran, gíláàsì: ẹ fi Paraloid B-72 (vánìṣì tó mọ́ gaara, tó ṣeé yọ kúrò) kùn ibi kékeré kan tí kò hàn síta, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi yíǹkì kọ nọ́ńbà lé e, ẹ tún kùn ún lórí. Ẹ má kọ ọ́ sábẹ́ nǹkan tó wúwo, torí ẹ óò máa yí i dà kẹ́ ẹ tó rí i kà.
2. Aṣọ: ẹ kọ ọ́ sára téèpù òwú funfun, ẹ fi abẹ́rẹ́ rán an díẹ̀díẹ̀ mọ́ inú aṣọ náà.
3. Ìwé àti fọ́tò: pẹ́ńsùlù tó rọ̀, bíi 2B, lẹ́yìn ẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bírò, ká má rí i.
4. Rọ́bà, pílásítíìkì, awọ, nǹkan tí wọ́n kùn: ẹ fi okùn òwú so káàdì kékeré mọ́ ọn, torí Paraloid lè yọ́ ọ.

Sẹ́lótéèpù, sítíkà, máákà, fáníìṣì èékánná, wáyà, ẹ kó gbogbo wọn sọnù.

Nípa àkọsílẹ̀, ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjì yìí. Èkíní: "Ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́, ó dáa." Èkejì: "Ẹ̀rọ ìránṣọ onífẹsẹ̀tẹ̀, irin dúdú lórí tábìlì onígi, dírọ́ọ̀ 2. Nọ́ńbà ilé iṣẹ́ wà lápá ọ̀tún ìdí ẹ̀. Òdòdó ara ẹ̀ ti pa rẹ́ níwájú abẹ́rẹ́. Ìlà ìwọ̀n 5 tí wọ́n fi ọwọ́ fà wà létí tábìlì. Ìyá olùfúnni ló fi ń rán yúnífọ́ọ̀mù fáwọn aládùúgbò, nínú yàrá iwájú, títí ojú ẹ̀ fi ń dùn ún. Ibi tó wà: Yàrá B, pẹpẹ 3." Tí olè bá gbé e, èkejì nìkan ló wúlò fún ọlọ́pàá. (Ìlànà kékeré kan tí ICOM, ìyẹn àjọ àwọn músíọ́mù lágbàáyé, ń bójú tó, Object ID, wà fún irú ẹ̀: fọ́tò, ìwọ̀n, ohun tí wọ́n fi ṣe é, àmì ara ẹ̀. Ẹ lò ó.)

Tẹ́ ò bá mọ orúkọ tẹ́ ẹ máa pín nǹkan sí abẹ́ ẹ̀, Nomenclature, ìyẹn àtòjọ orúkọ nǹkan fáwọn músíọ́mù, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Robert Chenhall ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1978, ohun tí wọ́n fi ń ṣe ló fi ń pín nǹkan, kò wo ohun tí wọ́n fi ṣe é, ìyẹn sì bá nǹkan ìlò ilé mu gan-an.

Ẹ ò nílò sọ́fítíwíà olówó gọbọi. Spreadsheet (bí Excel) ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Tó bá pọ̀, CollectiveAccess jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ ẹ nílò ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa láti gbé e kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní rẹ́jísítà oníwèé tí wọ́n rán pọ̀, tí ojú ìwé ẹ̀ ò ṣeé yọ. Kọ̀ǹpútà lè kú lóru ọjọ́ kan.

## Ibi tẹ́ ẹ máa kó o sí

Àjà ilé gbóná jù, abẹ́ ilẹ̀ rin jù. Yàrá àárín ilé tí kò ní fèrèsé ló dáa jù, ì báà kéré. Ẹ ra ohun tó ń wọn ọ̀rinrin, kò wọ́n. Tó bá wà láàárín 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún, ayé dẹrùn. Tó bá ti kọjá 65 tó sì dúró síbẹ̀, aṣọ àti ìwé máa bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Kó má máa lọ sókè sódò lójijì, ìyẹn ló ń la igi. Ẹ má gbé nǹkan sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó kéré tán kó fi 10 sẹ̀ǹtímítà ga kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fàyè sílẹ̀ láàárín pẹpẹ tẹ́ ẹ kó o lé àti ògiri.

Ìwé ìròyìn ò dáa fún wíwé nǹkan rárá, ásíìdì wà nínú ẹ̀. Ẹ lo bébà tí kò ní ásíìdì. Tówó ò bá sí, aṣọ òwú funfun tẹ́ ẹ fọ̀ dáadáa láìfi nǹkan olóòórùn sí i tún ṣe é. Ẹ tú rọ́bà báǹdì àti pín-ìn-nì kúrò lára gbogbo ìwé.

Tẹ́ ẹ bá rí kòkòrò nínú aṣọ tàbí ìwé:

1. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ fún afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, ẹ lẹ ẹnu ẹ̀ pa.
2. Ẹ gbé e sí fìríìsà tó tutù dé -20°C, ọ̀sẹ̀ 2. Fìríìsà tiẹ̀ nìkan o, kì í ṣe ti oúnjẹ.
3. Ẹ gbé e jáde, ẹ *má ṣí ọ̀rá náà* títí wákàtí 24 á fi kọjá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi máa dà sí i lára.
4. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn òkú kòkòrò kúrò, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣe é sílẹ̀.

Gíláàsì, àwòrán tí wọ́n kùn sórí aṣọ, nǹkan tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ní oríṣiríṣi, ìwọ̀nyẹn ò gbọ́dọ̀ wọ fìríìsà.

Tí yàrá yín bá ti dàrú tẹ́lẹ̀, ẹ wá RE-ORG, ìyẹn ìlànà bí wọ́n ṣe ń tún yàrá ìkẹ́rùsí tò, tí ICCROM (àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìtọ́jú ohun àtijọ́) ṣe, ọ̀fẹ́ ni, músíọ́mù kékeré ni wọ́n ṣe é fún.

## Ìpàtẹ fúnra ẹ̀

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan. "Ayé Àtijọ́" kì í ṣe ìbéèrè. "Wákàtí mélòó ni aṣọ ọ̀sẹ̀ kan ń gbà láti fọ̀, ta ló sì ń fọ̀ ọ́?" Ìyẹn, mo lè wá wò ó.
2. Ẹ mú ìwọ̀nba nǹkan tó dáhùn ìbéèrè yẹn, kẹ́ ẹ wá dín in kù sí ìdajì. Ó máa dùn yín. Ẹ dín in kù náà.
3. Ẹ fi téèpù ya ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan máa wà sílẹ̀, kẹ́ ẹ rìn ín. Ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ arọ gbọ́dọ̀ kọjá, ó kéré tán 90 sẹ̀ǹtímítà, kó sì rí ohun tó wà nínú kábínẹ́ẹ̀tì láti orí ìjókòó.
4. Ẹ wọn ìmọ́lẹ̀. Lux ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Aṣọ, ìwé, fọ́tò: 50 lux. Igi tí wọ́n kùn àti àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà olóròóró yà: nǹkan bíi 200. Irin, òkúta àti tánganran ò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà jẹ́ kò ní padà, ó sì ń gbára jọ ni, torí ẹ̀ ẹ pààrọ̀ aṣọ ní bí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì pàtẹ ẹ̀dà fọ́tò dípò ojúlówó.
5. Ẹ kọ lébẹ̀lì, kó má ju ọ̀rọ̀ 75 lọ, kí lẹ́tà ẹ̀ tó point 24 (ìwọ̀n lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà) ó kéré tán, dúdú lórí funfun. Kí gbólóhùn àkọ́kọ́ tọ́ka sí nǹkan tí ojú ń rí: "Ẹ wo ìlà márùn-ún tó wà létí tábìlì yìí."
6. Ẹ fún ẹnì kan tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kà. Ibi tó bá ti dúró béèrè ọ̀rọ̀, ẹ tún un kọ.
7. Ẹ wá ẹ̀dà kejì tí kò sí nínú rẹ́jísítà, kẹ́ ẹ gbé e síta káwọn ọmọdé fọwọ́ kàn án, kí wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù yẹn kí wọ́n mọ bó ṣe wúwo tó.

Kábínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi pákó tuntun kàn, pàápàá igi óòkù (oak) àti páláíwúùdù, máa ń tú ásíìdì jáde, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀. Ẹ lo irin tí wọ́n kùn, tàbí kẹ́ ẹ fi nǹkan dí pákó náà.

## Ẹrù tí kò ní ìwé ńkọ́?

Gbogbo músíọ́mù ló ní in. Ẹ fún un ní nọ́ńbà fún ìgbà díẹ̀, bíi X.1, X.2, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, kẹ́ ẹ wá inú àwọn lẹ́tà àti ìwé ìpàdé àtijọ́ bóyá orúkọ ẹnì kan máa jáde. Ẹ má jù ú nù, ẹ má tà á, títí ẹ óò fi mọ ohun tí òfin ibi tẹ́ ẹ wà sọ nípa ẹrù tí wọn ò mọ ẹni tó ni ín.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ yọ nǹkan tí ẹ ní ìwé ẹ̀ kúrò, kí ìgbìmọ̀ dìbò sí i, kí wọ́n kọ ìdí sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi lọ músíọ́mù míì tàbí iléèwé. Ọmọ ẹgbẹ́ ò gbọ́dọ̀ rà á, ẹbí ọmọ ẹgbẹ́ náà ò gbọ́dọ̀ rà á, torí ọ̀rọ̀ máa ń ti ibẹ̀ jáde. Tó bá mówó wọlé, ìtọ́jú àkójọ lowó yẹn wà fún, kì í ṣe owó oṣù tàbí iná. Kẹ́ ẹ wá kọ ọjọ́ tó kúrò àti ibi tó lọ sínú rẹ́jísítà, ẹ má sì fún nǹkan míì ní nọ́ńbà ẹ̀ láé.